Aṣọ Tí Wọn Ò Jẹ́ Ká Hun Tán

"Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Òkè orí wọn ni ohùn náà ti wá, ó rọ̀, ó tutù, bí ohùn ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìbídùn ò tiẹ̀ gbójú sókè mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ géètì Abúlé Ìṣẹ̀ǹbáyé láàárọ̀ ni nǹkan ọ̀hún ti ń tẹ̀lé wọn kiri. Kò tóbi ju akèrègbè lọ, ojú kan ṣoṣo ló ní, ó sì ń fò láìní ìyẹ́. Atọ́nà ni wọ́n ń pè é. Ká ní ẹyẹ ni, Ìbídùn ì bá ti sọ ọ́ lókò tipẹ́.

"Ta ló fọwọ́ kan kí ni? Màámi fara ti ògiri ni. Ẹsẹ̀ ń ro wọ́n."

"Ògiri wà lára ohun tí a kì í fọwọ́ kàn. Ẹ kú ìfaradà, Ọlátóún." Ó rẹ ara rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ lójú òfuurufú, bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, nítorí àwọn tó ṣe é ti gbọ́ níbì kan pé Yorùbá fẹ́ràn ọ̀wọ̀.

Ìyá Ìbídùn kọjú sí i. Arúgbó ni, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì darúgbó. "Ọlátóún! Ṣé ọmọ àná ni mo jẹ́ lójú ẹ ni? Ta ni ìyá ẹ tí kò kọ́ ẹ nílé?"

"Mi ò ní ìyá," ni Atọ́nà dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ó hàn."

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, Ìbídùn ì bá ti rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n inú ń bí i lónìí tó bẹ́ẹ̀ tí eyín ń ro ó lẹ́nu. Ó ti bẹ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tún pátákó tó ń sọ oòrùn di iná ṣe, kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ó ti gbé ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìdájí, ìyá ti bì sí i lára, ó ti fọ aṣọ rẹ̀, ó ti tún un wọ̀. Gbogbo rẹ̀ nítorí pé ọ̀la ni wọn yóò da oje tó máa ń dì bí gíláàsì sínú ilé tí wọ́n wá wò. Bí oje yẹn bá ti gbẹ, tán ni. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn mọ́ títí ayé.

Wọ́n ti kọjá agbo ilé àwọn ará Ọ̀yọ́, tí koríko orí rẹ̀ kì í ṣe koríko, ọ̀rá àtijọ́ tí wọ́n là wẹ́wẹ́ ni. Wọ́n ti kọjá ilé àwọn Ìlàjẹ lórí òpó, tó dúró sínú omi tí kò ní òórùn ẹja rárá. Lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà, obìnrin onírọ́bà kan ń gún odó òfìfo, ọmọrí odó ń lọ sókè sódò, nítorí Òfin Èéfín kò jẹ́ kí wọ́n dáná níbẹ̀, wọn ò sì rí ohun tí wọn yóò gún. Ìyá ti kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Kò dáhùn. Ìyá tún kí i. Ó ń gún odó lọ ní tirẹ̀. "Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní ìwà burúkú," ni ìyá wí, ó sì ń kùn títí wọ́n fi dé orí ilẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìn gbogbo ilé.

Ibẹ̀ ni ilé tiwọn wà. Ilé alámọ̀ ni, ó ní àgbàlá láàárín tí òjò máa ń rọ̀ sí, òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ló gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Òkè-Ìdógbà ni ó wà tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó sé odò, kí omi tó bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá ńlá ló gé ilé náà kúrò nílẹ̀ bí ẹni gé ẹ̀kọ tútù, wọ́n gbé e wá síbí, wọ́n sì tò ó padà. Ìyá Ìbídùn ni ó fi bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, pa ògiri yẹn nígbà tó wà ní ìyàwó. Ó mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ gbà kọjá.

Lára òpó àkọ́kọ́, iná kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà: ILÉ ẸNI TÍ A KÒ MỌ̀.

Ìyá kò kàwé. Ìbídùn kò sì kà á fún un rí.

"Ẹ jẹ́ ká wọlé," ni Ìbídùn wí.

Wọ́n rìn gba inú àgbàlá títí dé ẹnu yàrá tó wà lápá òsì. Níbẹ̀ ni okùn iná ti dábùú ẹnu ọ̀nà, ó pupa, ó ń kùn wùùù. Ìbídùn mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n wá lọ́dún tó kọjá, ó ti na ọwọ́ kọjá rẹ̀, apá rẹ̀ sì kú fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn okùn náà, lára ògiri, òfì àwọn obìnrin dúró lóòró. Aṣọ wà lórí rẹ̀. Kíjìpá ni, aró dúdú àti funfun, wọ́n ti hun ún dé ìdajì. Òwú ìyókù nà sókè, ó ń retí.

"Òun nìyẹn," ni ìyá wí, bí ẹni pé Ìbídùn kò mọ̀. Ó máa ń wí bẹ́ẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀, ohùn rẹ̀ a sì yí padà.

Ìyá tó bí Ọlátóún ló ran òwú yẹn, ó ran án fún ọdún púpọ̀, ó sì dì í fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ ilé ọkọ. Ọlátóún ní òun kò ní fi ṣe ìró ọjà. Aṣọ ìkẹyìn òun ni, èyí tí wọn yóò fi wé òun lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn obìnrin ìlú wọn máa ń hun tiwọn sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ṣì le. Ó wà lórí ìdajì ni àwọn ṣójà dé, tí wọ́n ní kí olúkúlùkù mú báàgì kan ṣoṣo kó bọ́ sínú ọkọ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan ni. Ó fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí òfì, torí ta ní í gé aṣọ tí kò tíì parí nítorí ọ̀sẹ̀ kan? Ibojì ìyá rẹ̀ ti wà lábẹ́ omi báyìí pẹ̀lú ẹja. Òwú yẹn nìkan ló kù.

"Atọ́nà," ni Ìbídùn pè é. "Ká okùn yìí kúrò. Ẹni tó ń hun aṣọ yẹn ló dúró síwájú ẹ."

"Inú mi yóò dùn láti ká a. Ṣùgbọ́n kí ilé kọ́kọ́ ní ẹlẹ́rìí tí yóò sọ ẹni tó kọ́ ọ. Ta ló kọ́ ilé yìí?"

"Bàbá ọkọ mi ni," ni ìyá dáhùn.

"Orúkọ rẹ̀?"

"Mo ní bàbá ọkọ mi ni."

"Bàbá ọkọ kì í ṣe orúkọ."

"Lọ́dọ̀ tèmi, òun ni orúkọ wọn."

Ìbídùn yọ fọ́tò kan nínú àpò rẹ̀. Ó ti gbó, etí rẹ̀ ti ká. "Wò ó, ìyá mi nìyí lẹ́nu ọ̀nà yìí, àwọn ará ilé tò sẹ́yìn wọn. Òpó kan náà. Ẹ̀rí kí lo tún ń wá?"

"Àwòrán kì í jẹ́rìí mọ́," ni Atọ́nà wí, bí ẹni tó ń bá wọn kẹ́dùn. "Ẹ̀rọ lè ya ẹni tí wọn kò bí rí. Ìwé kì í jẹ́rìí. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kì í jẹ́rìí. Láti ọdún Ìparẹ́ tí Ìṣúra, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú orúkọ gbogbo ènìyàn, ti sọ gbogbo orúkọ nù, ẹnu ẹni tó wà láàyè ni ẹ̀rí, bó bá sọ ohun tí ojú ara rẹ̀ rí. Mo ń gbọ́ ìró ọkàn yín, mo máa mọ̀ bí ẹ bá purọ́. Ẹ máa sọ."

Ìyá fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ dúró dáadáa. Bó bá jẹ́ ẹjọ́ ìyẹn ni, ó lè rò ó. "Ó dáa. Ẹni tó tẹ̀ lé olówó orí mi ni Eyínmẹ́nugún, torí eyín rẹ̀ dára ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní àdúgbò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni Awẹ́lẹ́wà. Àkẹ́yìn wọn ni Agúntáṣọọ́lò. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí mo wọlé, ó ti ga bí ọ̀pẹ. Yàrá ọ̀hún yẹn ni Adúmáadán ń sùn—"

"Eyínmẹ́nugún kò sí nínú Ìṣúra," ni Atọ́nà wí. "Awẹ́lẹ́wà kò sí nínú Ìṣúra. Agúntáṣọọ́lò kò sí—"

"Ìwọ ni o ò sí!" ni ìyá jágbe mọ́ ọn.

Ìbídùn fọwọ́ lé orí. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló bá nílé. Ó ní láti wá orúkọ fún wọn fúnra rẹ̀. Bàbá ọkọ ńkọ́? Ìyẹn ò tiẹ̀ ṣeé fẹnu bà. Bàbá Ìbídùn ti kú kí ó tó mọ nǹkan. Àwọn Eyínmẹ́nugún ti kú sójú ọ̀nà nígbà tí àwọn ṣójà kó wọn kúrò nílùú. Nínú gbogbo ayé tó kù, ẹnu kan ṣoṣo ni orúkọ bàbá yẹn wà, ẹnu náà kò sì pè é rí.

"Màámi, ẹ gbọ́." Ó fà á sí ẹ̀gbẹ́, níbi òpó. "Ẹ kàn dárúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Nǹkan yìí máa ká okùn, ẹ ó jókòó sídìí òfì yín, ó tán."

"Mi ò lè dárúkọ wọn."

"Ọ̀la ni wọ́n máa da oje sí i!"

"Mo gbọ́. Etí mi ò di."

"Kí ló wá dé?"

Ìyá fi ọ̀pá tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà. "Ọjọ́ tí mo wọlé yìí, wọ́n wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mo wọ inú ilé, mo ń sunkún ìyá mi. Mo sunkún títí, àwọn ìyàwó ilé ń fi mí ṣẹ̀sín. Bàbá ọkọ mi dìde lórí àga wọn. Wọ́n lọ sílé wa fúnra wọn, wọ́n tọrọ òfì ìyá mi, wọ́n fi orí ara wọn rù ú wá. Àgbàlagbà! Lójú ọjà! Wọ́n gbé e ti ògiri yẹn, wọ́n ní, 'Ìyàwó, kí ọwọ́ ẹ rí nǹkan ṣe, kí ojú ẹ lè gbẹ.' Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí n ya ẹnu pè ní gbangba, fún akèrègbè tó ń fò?"

"Wọ́n ti kú, Màámi!"

"Ẹni tó kú ò di ẹgbẹ́ mi."

Ìyẹn ló bu epo síná ọ̀rọ̀. Ìbídùn mọ̀ pé ohun tó fẹ́ sọ kò yẹ kí ọmọ sọ fún ìyá, ó sì sọ ọ́. "Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ sára òpó yìí? Wọ́n ní ilé ẹni tí a kò mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn! Gbogbo ẹni tó bá wá síbí ló ń kà á. Ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn títí wọ́n fi pòórá!"

Ìyá kọjú sí òpó náà, sí iná tí kò lè kà, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ̀kò lù. Ojú ti Ìbídùn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n inú tó ń bí i kò rọ̀. Méjèèjì jọ wà níbẹ̀.

Ariwo wọn ló mú Ọ̀gbẹ́ni Aríyìíbí jáde. Òun ni olùtọ́jú apá abúlé yẹn, ọkùnrin sísanra kan tí fáànù kékeré ń yí létí fìlà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ojú ìyá sì rọ̀ díẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó mi orí, ó fa Ìbídùn lọ sídìí ìkòkò òjò.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá. Ilé yìí ń dà mí láàmú. Àwọn ọ̀gá ò fẹ́ ilé tí kò lórúkọ, àwọn àlejò ò sì fẹ́ràn rẹ̀." Ó wo ẹ̀yìn. "Mo lè ní kí Atọ́nà má gbọ́ ìró ọkàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ẹ sọ pé ẹ rí bàbá náà nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé. Ẹ dárúkọ kan."

"Mi ò mọ orúkọ wọn."

"Àǹtí mi, orúkọ kan ni mo wí. Èyíkéyìí. Ta ló máa mọ̀?"

Ìbídùn wo okùn iná. Òótọ́ ni, ta ló máa mọ̀? Orúkọ kan lásán, okùn á ká, ìyá á jókòó, á hun aṣọ rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni oje ń bọ̀, orúkọ yẹn ni wọn yóò kọ sí ara òpó, abẹ́ oje ni yóò wà títí ayé, tí gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò máa fi èké kí bàbá tó ru òfì kọjá lójú ọjà. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó ti jókòó sórí ilẹ̀ níwájú okùn iná, ọ̀pá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo aṣọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ó rọrùn láti jókòó sílé ká máa sọ pé òótọ́ ló dára. Ìbídùn ronú títí, ó gbà pé òkú ò ní ìtìjú, alààyè ló ní ọ̀fọ̀. Ó padà síbi okùn. Aríyìíbí fọwọ́ kan nǹkan lára ìgbànú rẹ̀, ojú Atọ́nà sì yí padà di àwọ̀ eérú.

"Mo fẹ́ jẹ́rìí," ni Ìbídùn wí. "Mo rí bàbá bàbá mi nígbà tí mo kéré. Àwọn ló kọ́ ilé yìí."

"Orúkọ rẹ̀?"

"Orúkọ wọn ni Adé—"

"Pa ẹnu ẹ mọ́!"

Ìbídùn kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí, àní nígbà tó wà lọ́mọdé tó ń fọ́ àwo. Ìyá ti ń gbìyànjú láti dìde. Kò lè dìde, ó wá fi orúnkún méjèèjì rìn, ó kọjú sí àárín àgbàlá, níbi tí àga bàbá ọkọ rẹ̀ máa ń wà nígbà náà. Kò sí àga níbẹ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀ fún ibẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi," ni ó wí. "Wọ́n fẹ́ sọ yín di ẹlòmíràn. Ẹ foríjì mí. Ìyàwó yín ni."

Ó gbé ojú sókè sí Atọ́nà. "Ọdẹ́rìndé," ni ó wí, jẹ́ẹ́jẹ́. Ó tún un wí, kí ẹ̀rọ má baà ní òun kò gbọ́. "Ọdẹ́rìndé ni wọ́n. Àwọn ló kọ́ ọ. Ojú mi ló rí wọn."

Ìbídùn gbọ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́ tẹ̀lé ìyá rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ kọ̀.

Láti ìgbà tí ìyá ti kúnlẹ̀ ni Aríyìíbí ti yára fọwọ́ kan ìgbànú rẹ̀ padà, kí Atọ́nà lè tún máa gbọ́ ìró ọkàn. Ojú Atọ́nà di àwọ̀ ewé. "Ẹ̀rí wọlé. Ìró ọkàn bá ọ̀rọ̀ mu. Ẹ kú oríire." Iná tó wà lára òpó kú, ó tún tàn: ILÉ ỌDẸ́RÌNDÉ. Okùn iná ká kúrò lẹ́nu yàrá. Àwọn àlejò kan ń wọlé bọ̀, Atọ́nà sì pariwo sí wọn tayọ̀tayọ̀: "Ẹ káàbọ̀ sí ilé Ọdẹ́rìndé! Ọdẹ́rìndé ló kọ́ ilé yìí! Ẹ wo òpó Ọdẹ́rìndé!"

Ìyá ń rún ojú bí ẹni tí wọ́n ń gún ní abẹ́rẹ́.

"Bàbá Ọdẹ́rìndé ni kó o máa wí!" ni Ìbídùn kígbe mọ́ ọn.

"Bàbá kò sí nínú ẹ̀rí."

"Olúwa ò!"

Ó gbé ìyá rẹ̀ dìde, ó fà á wọ inú yàrá. Wọ́n ti dé ìdí òfì. Ìyá na ọwọ́, ó fi ẹ̀yìn ìka kan aṣọ náà, bí a ti ń kan ọmọ tó ń sùn. Ìbídùn ti yọ ìdì òwú tó rà lọ́jà nínú àpò, ó ti ń wá ibi tí ìyá yóò jókòó sí, nígbà tí Atọ́nà wọlé tọ̀ wọ́n.

"Ilé ti ní olúwa rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ di ti ẹ̀jẹ̀ Ọdẹ́rìndé. Ìbídùn, ẹ lè gé aṣọ yìí, kí ẹ mú un lọ. Ẹ kò lè hun ún."

"Kí lo wí?"

"Fífi òwú tuntun kún ohun àtijọ́, irọ́ ni. Abúlé yìí kì í gba irọ́ láyè."

Aríyìíbí wo bàtà rẹ̀.

Ìbídùn ò mọ ìgbà tó ju ìdì òwú mọ́lẹ̀. "Ìdajì! Ìdajì aṣọ! Ẹ mú kí ìyá mi jẹ èèwọ̀ lójú gbogbo ayé, ẹ mú kí wọ́n kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ bí ọ̀daràn, ẹ wá ní kí ni? Kí wọ́n gbé ìdajì aṣọ relé? Ṣé ẹ fẹ́ ká fi bò wọ́n dé ìdí ni? Kí lẹ ń fi òwú ìyókù ṣe níbí? Ta ni yóò wò ó? Ọ̀gbẹ́ni Aríyìíbí, ṣé ẹ̀yin náà ò lẹ́nu ni?"

"Àǹtí, òfin ni," ni Aríyìíbí wí. Òógùn ń sọ̀ lójú rẹ̀ láìka fáànù sí. "Bí mo bá ní kí wọ́n hun ún, ọ̀la ni wọ́n á lé mi. Ṣé kí n lọ mú àlùmágàjí wá?"

"Ẹ má mú nǹkan kan wá! A ò gé e. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kí oje bò ó. Kí gbogbo yín máa jẹ ẹ́!"

"Ìbídùn," ni ìyá wí.

"Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Bá wọn gba àlùmágàjí. Gé e."

"Kò pé, Màámi! Kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣé èmi ni mo hun ún tàbí ìwọ? Mo ní gé e."

Ìbídùn gé e. Kò rọrùn, ojú rẹ̀ ṣú, omi wà nínú rẹ̀, àlùmágàjí ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òwú tí ẹnikẹ́ni kò hun já lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rọ̀ sísàlẹ̀. Nígbà tó tán, ó di aṣọ náà mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó wúwo ju bó ti rò lọ. Ìjókòó ọjọ́ pípẹ́ ló wà nínú rẹ̀, òórùn aró kò sì tíì kúrò lára rẹ̀ tán. Kò tiẹ̀ fẹ́ wo gígùn rẹ̀.

"Nà án mọ́ mi lára," ni ìyá wí. Ó ti fi ọ̀pá sílẹ̀, ó fara ti ògiri, ó dúró tọ́tọ́. Atọ́nà fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ògiri. Aríyìíbí fi ọwọ́ bò ó lójú.

Ìbídùn gbé etí aṣọ náà sí abẹ́ àgbọ̀n ìyá rẹ̀, ó jẹ́ kí ìyókù ṣubú. Ó kọjá àyà. Ó kọjá ikùn, ó kọjá orúnkún, ó ba lé orí ẹsẹ̀ ìyá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì bo ọmọ ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìyá tẹ orí wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, èyí tí Ìbídùn kò tíì gbọ́ láti àárọ̀. "Nígbà tí mo ta òwú yìí sórí òfì, orúnkún ni ì bá mọ lára mi. Mo ga nígbà náà, wọ́n ní mo ga ju àwọn ọkọ mi lọ. Ẹ wò ó! Ìbídùn, ó tó."

"Kò tó, Màámi."

"Ó tó, mo ní. Wo ẹsẹ̀ mi."

Ìbídùn kò wo ẹsẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń bá gbogbo ayé jà nítorí pé aṣọ náà kò pé. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó tún un sọ̀ kalẹ̀, ó fà á sí ọ̀tún, ó fà á sí òsì, ó ń wá ibì kan ṣoṣo lára ìyá rẹ̀ tí aṣọ náà kò ní bò. Kò rí.